Bí Ọ̀rọ̀ Bá Sú Ni, Fèrè Ń Bẹ

Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tó bá dunni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, a jẹ́ pé ohun tó ń dun ọmọ Nàìjíríà lásìkò yìí kò kéré, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju etí tí yóò gbọ́ ọ lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, rédíò ti ń ka iye owó epo sí wa létí. Bí a bá dé ọjà, ọ̀rọ̀ gàrí àti ìrẹsì la óò bá níbẹ̀. Bí a bá wọ ọkọ̀, awakọ̀ àti èrò ti ń fa ọ̀rọ̀ ìjọba mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí a bá sì padà délé lálẹ́, tí a ní kí a fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, fóònù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ìròyìn ìjínigbé kan yóò sì máa tẹ̀lé òmíràn. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí iye náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù kejì rẹ̀, kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ yìí kò wọ̀, ì báà jẹ́ ilé olówó tàbí ilé tálákà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí ni orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú rárá. Mo ń sọ nípa orin tí ẹnikẹ́ni kò la ẹnu kọ, tí ó jẹ́ pé fèrè, tàbí dùùrù, tàbí gìtá nìkan ló ń fọhùn nínú rẹ̀, tí ó sì ń lọ jẹ́jẹ́ bí omi odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbàgbọ́ mi ni pé irú orin bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ju bí a ti rò ó lọ, àti pé àwa Yorùbá tí a fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó báyìí gan-an la nílò rẹ̀ jù. Ibi tí mo ti fẹ́ mú ẹ̀rí wá jìnnà díẹ̀. Ìlú Àbíjàn ni, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ní àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Cocody.

Orúkọ Àbíjàn kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ dé Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ óò rí i pé ó ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé èdè Faransé ti di ohun tí ọmọdé àti àgbà ń sọ láàárín ìlú. Àwọn àgbègbè ọlọ́jà bíi Treichville àti Adjamé ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa mọ̀ jù. Cocody yàtọ̀ sí wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá kọ́lé sí, ibẹ̀ ni yunifásítì wà, ibẹ̀ ni Hôtel Ivoire ti ga fíofío létí ọ̀sà, ibẹ̀ sì ni ilé tí wọ́n kọ́ fún ààrẹ orílẹ̀-èdè náà. Ní Cocody yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba wà, èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè ní RTI, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ gbé àwòrán jáde ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1963. Ìtàn méjì ni mo fẹ́ sọ nípa ilé iṣẹ́ náà.

Ìtàn kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975. Ní ọdún náà ni ọmọ Kamẹrúùnù kan tí ń jẹ́ Manu Dibango dé síbẹ̀ láti máa darí ẹgbẹ́ eléré RTI. Ìlú Douala ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1933, nínú ilé onígbàgbọ́ tí orin ìsìn kò ti wọ́n. Ní ọdún 1949, bàbá rẹ̀ fi í sínú ọkọ̀ ojú omi pé kí ó lọ kàwé ní Faransé. Kọfí kílò mẹ́ta ni ó gbé dání, èyí tí yóò fi san owó fún àwọn tí yóò gbà á sílé, nítorí pé kọfí wọ́n bí ojú lẹ́yìn ogun. Ọkùnrin náà kò gbàgbé ẹrù yìí títí ayé rẹ̀. Nígbà tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní ọdún 1989, kọfí kílò mẹ́ta náà ni ó fi ṣe àkọlé ìwé. Faransé ni ó ti kọ́ dùùrù pianó àti fèrè tí wọ́n ń pè ní sákísófóònù, fèrè yìí ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Orin rẹ̀ kan, Soul Makossa, tí ó jáde ní ọdún 1972, gbé orúkọ rẹ̀ dé Amẹ́ríkà.

Ọdún mẹ́rin ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà ní Àbíjàn, láti 1975 sí 1979. Félix Houphouët-Boigny ló wà lórí oyè nígbà náà, owó kòkó àti kọfí ń wọlé, àwọn eléré láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà sì ń wọ́ lọ sí ìlú náà bí eṣinṣin ti ń wọ́ lọ sídìí oyin. Ẹni tó bá mọ Dibango láti inú orin àríyá nìkan kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Èyí tó wù mí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ibi tí ó ti fi ariwo sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí ó ti kúrò ní Àbíjàn, ó gbé àwo méjì jáde tí ó pè ní Mélodies Africaines. Pianó ni ó jókòó tì nínú wọn, tí ó ń tẹ ohùn orin ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹni tó ti ṣe làálàá láti àárọ̀, bí ó bá gbọ́ ọ, èjìká rẹ̀ yóò wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kí ó fara balẹ̀.

Ìtàn kejì kò dùn létí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n dìbò yan ààrẹ ní Côte d'Ivoire. Nígbà tí èsì dé, Laurent Gbagbo tó wà lórí oyè ní òun ló wọlé, Alassane Ouattara náà ní òun ni, àjọ tó ṣètò ìdìbò àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì fara mọ́ Ouattara. Gbagbo wà nínú ilé ààrẹ ní Cocody. Ouattara wà ní Hôtel du Golf, ní Cocody yìí náà, tí àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ṣọ́ ọ. Àgbègbè kan, ààrẹ méjì! Ohun tí wọ́n sì ń jà lé lórí, lẹ́yìn oyè fúnra rẹ̀, ni ilé iṣẹ́ RTI, nítorí pé ẹni tó bá ni ín ló ni ẹnu tí gbogbo ìlú ń gbọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn alátìlẹ́yìn Ouattara kóra jọ láti wọ́ lọ síbẹ̀. Ìbọn ni wọ́n fi pàdé wọn, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpinnu kan lórí wàhálà náà. Nínú rẹ̀, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ti ń lo RTI àti àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn mìíràn láti dá ìkórìíra àti ìwà ipá sílẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tí ìpinnu náà gbà: 1975. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, bí nọ́ńbà ti ń tò tẹ̀lé ara wọn ni. Ṣùgbọ́n ọdún 1975 náà ni Dibango gbé fèrè rẹ̀ wọ ilé iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí ọwọ́ fi tẹ Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2011, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló ti bá rògbòdìyàn náà lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ìtàn méjèèjì wé ara wọn. Fèrè tó dún láti Cocody kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ará àríwá ni tàbí ará gúúsù, bóyá onílẹ̀ ni tàbí àjèjì. Kò ní ohun tí yóò fi béèrè. Ọ̀rọ̀ ló máa ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé láti àárín àwọn ọdún 1990, ní ìgbà ìjọba Henri Konan Bédié, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ivoirité, ni àwọn olóṣèlú fi ń ya ojúlówó ọmọ ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wọ́n ní kì í ṣe ojúlówó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ṣùgbọ́n ó wọ ilé, ó wọ ọjà, ó wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì jẹ́ ara ohun tó gbé ogun ọdún 2002 wá. Àwọn ènìyàn tiwa tó ti bímọ, tó ti kọ́lé síbẹ̀, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń wò bí àlejò. Àwọn àgbà wa kò purọ́ tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú níí yọ ọfà lápó.

Àwọn tó ń ka Bíbélì nínú yín yóò rántí Sọ́ọ̀lù ọba. Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 16, sọ pé nígbà tí ẹ̀mí búburú bá ń dà á láàmú, Dáfídì a máa ta dùùrù fún un, ara ọba a sì balẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú dé orí 18. Nígbà tí wọ́n ti ojú ogun dé, àwọn obìnrin jáde wá kọrin, orin náà sì ní ọ̀rọ̀ nínú: wọ́n ka iye tí ọba pa, wọ́n ka iye tí Dáfídì pa, ti Dáfídì sì ju ti ọba lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Láti ọjọ́ náà ni Sọ́ọ̀lù ti ń fi ojú burúkú wo ọmọkùnrin náà. Ní ọjọ́ kejì, bí Dáfídì ti ń ta dùùrù lọ́wọ́, ọba ju ọ̀kọ̀ sí i. Dùùrù tí kò sọ̀rọ̀ ló ń wo ọba sàn, orin tó sọ̀rọ̀ ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ inú rẹ̀, dùùrù kò ràn án mọ́.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn náà ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2013, wọ́n gbé àkójọ ìwádìí 26 jáde lórí àwọn aláìsàn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Ènìyàn 2,051 ló wà nínú wọn lápapọ̀, ohun tí wọ́n sì rí ni pé àwọn tó gbọ́ orin kí wọ́n tó wọlé lọ kò fòyà tó àwọn tí kò gbọ́. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2006, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ti fi orin oríṣiríṣi dán ènìyàn 24 wò. Orin tó ń yára mú kí mímí wọn yára, ó sì mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn ru sókè. Ohun tó ya àwọn oníwàádìí náà lẹ́nu jù ni pé wọ́n dá orin dúró fún ìṣẹ́jú méjì láàárín, ìgbà yẹn gan-an ni ara àwọn ènìyàn náà balẹ̀ jù, àní ju ìgbà tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá lọ. Èyí ni pé orin ń lànà sílẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé orin sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lásán lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, “Ọ̀gá, ṣé ọmọ Yorùbá lẹ ń sọ fún pé kí ó gbọ́ orin tí kò ní ọ̀rọ̀?” Ìbéèrè náà tọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìlù pàápàá ní ẹnu. Onídùndún lè ki ẹnì kan kí orí rẹ̀ wú, kí ó sì bú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìla ẹnu. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n níí jó o, ọ̀mọ̀ràn níí mọ̀ ọ́n. Èdè wa fúnra rẹ̀, ohùn ni. Bí ohùn bá yí díẹ̀, ọkọ ti di ọkọ́, ọkọ́ ti di ọkọ̀, ọkọ̀ sì ti di ọ̀kọ̀. Ìdí nìyí tí etí wa kì í fi sinmi. Bí a bá gbọ́ ohùn mẹ́ta péré lára fèrè, a ti ń wá ohun tó wí. A á bèèrè pé, “Ta ló ń bá wí?”

Ìdí yìí gan-an ni mo fi sọ pé àwa la nílò rẹ̀ jù. Bí ọmọ Yorùbá bá jókòó ti fèrè Dibango, etí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa wá ọ̀rọ̀ káàkiri inú rẹ̀. Kò ní í rí i, nítorí pé ẹni tó ń fọn ún kò bá a wí, kò kì í, kò bú u, kò sì tọrọ ìbò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó máa ń rẹ etí, yóò sì jókòó jẹ́jẹ́. Ìjókòó etí yìí ni ìsinmi tí mo ń wí. Kì í sì í ṣe àjèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní ọdún 1905, kọ orin olókùn kan tí ó pè ní African Suite ní ọdún 1944. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló wà nígbà náà, ogun Hitler kò sì tíì parí. Abala kan nínú rẹ̀ dá lórí àárò ilé. Ẹni tí àárò ilé ń sọ, tí bọ́ǹbù sì ń dún ní ìlú tó ń gbé, ì bá kọ ìwé ẹkún. Okùn gòjé àti ti dùùrù ni ó fi sọ tirẹ̀.

Ẹlòmíràn tún lè sọ pé orin kò lè ra gàrí, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Mo tilẹ̀ fẹ́ fi tèmi kún un: orin jẹ́jẹ́ lè di oògùn oorun lọ́wọ́ ìjọba. Ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló ń ṣe olúwa ní Côte d'Ivoire nígbà tí Dibango wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba náà sì ni RTI. Bí fèrè bá ń dún dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bi ọba léèrè ọ̀rọ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ irú èyí lábùkù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi pé kí a fi orin bo ojú wa, kí a má bèèrè owó oṣù wa, kí a má sì bi àwọn tí a dìbò fún léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Òdìkejì rẹ̀ ni mo ń wí. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tì sínú ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀, bí wọ́n ti ti àwọn ọ̀dọ́ Àbíjàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló ń ní àyè láti rò ó pé, “Ta ni ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe láǹfààní?”

Kí wá ni ṣíṣe? Kò gba owó púpọ̀. Nínú wákàtí 24 tí Ọlọ́run fún wa, ẹ yọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́tọ̀, ì báà jẹ́ kí ilé tó jí tàbí lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ẹ pa ìròyìn. Bí ó bá jẹ́ inú fóònù ni orin wà, ẹ ti ọ̀nà tí ìpè àti iṣẹ́ ń gbà wọlé kí ẹ tó tàn án. Ẹ wá orin tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀rọ̀ sí. Bí ti Dibango kò bá sí nítòsí, fèrè ọmọ Nàìjíríà wà, gìtá àwọn àgbà wa wà, dùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì náà wà. Ẹ má ṣe fi ṣe iṣẹ́ mìíràn, ẹ má ṣe ka owó lórí rẹ̀. Bí ó bá sì parí, ẹ má tètè dìde. Ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú méjì tí àwọn ará Ítálì rí, kí ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Manu Dibango kú sí Faransé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2020, ní ẹni ọdún 86. Àrùn Kòrónà ló pa á, ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí ìròyìn ikú sì ń tú jáde láti inú gbogbo rédíò. Àwọn ènìyàn kò lè péjọ sí ìsìnkú rẹ̀ bó ti yẹ kí wọ́n péjọ. Àìsàn tó gbé e lọ ni ó fi ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, fèrè rẹ̀ sì wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn tó ní àwo rẹ̀ lọ́wọ́, kò sọ iye ẹni tó kú, kò sọ ẹni tó kàn.

Ọ̀rọ̀ kò ní í tán nílẹ̀ yìí, àwa akọ̀wé ìròyìn kò sì ní í yé kọ ọ́, nítorí pé iṣẹ́ wa ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò tún máa sọ̀rọ̀ epo, a óò sì máa sọ ti ìjọba. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí etí wa yóò fi jókòó.